Ẹ̀fọ́ Kò Lè Lé Omi Tí Iyọ̀ Ń Pè Wọlé

Nínú gbogbo ẹ̀fọ́ tí Yorùbá ń jẹ, bóyá ni a rí èyí tí orúkọ rẹ̀ dùn létí tó ṣọkọ yòkòtò. Bí àwọn àgbà bá ń tú orúkọ náà fún wa, wọn a máa rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn a ní ẹ̀fọ́ tí ń sọ ọkọ di yòkòtò ni: aya tó bá mọ̀ ọ́n sè, ọkọ rẹ̀ kò ní í rù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò yọ, ikùn rẹ̀ yóò sì kún agbádá. Láyé ìgbà tí a sọ ẹ̀fọ́ yìí lórúkọ, ìyìn ni ìsanra jẹ́. Bí a bá pàdé ẹni tí ojú wa ti kúrò lára rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí a wí fún un pé, "Ẹ mà ti sanra o," a kò bú u. Ohun tí a ń wí ni pé ayé ń yẹ ẹ́, ilé rẹ̀ sì tòrò.

Ṣùgbọ́n ìgbà ń yí, ó sì ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ dání. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní Gáréèjì Ọ̀fà, nílùú Ìlọrin, a gbọ́ tí ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan ń polówó ṣọkọ yòkòtò kan náà fún oníbàárà rẹ̀ báyìí pé: "Ẹ ra èyí, Àlàájà. Yóò bá yín fa omi ara jáde, ẹ ó sì fúyẹ́ bí ọmọge." Ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ kí a lè sanra ti di ẹ̀fọ́ tí a ń jẹ kí a lè rù! Ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi kúrò lẹ́nu wa nítorí ohun tí a tún rí níbẹ̀. Ohun náà ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí.

Ẹni tó bá mọ Ìlọrin kò ní í ṣàìmọ Gáréèjì Ọ̀fà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń kó èrò gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ọ̀fà àti sí àwọn ìlú Ìgbómìnà. Kí oòrùn tó yọ dáadáa ni àwọn agbèrò ti ń ké pé, "Ọ̀fà! Ọ̀fà! Ẹnìkan ló kù!" bẹ́ẹ̀ ni èrò méjì péré ló jókòó sínú ọkọ̀. Àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ a ti tẹ́ àpò sílẹ̀, wọn a ti to tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre àti ewédú ní ìdì-ìdì, wọn a sì máa fi ọwọ́ wọ́n omi sí i lórí kí ó má baà rọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni aláta wà, alálùbọ́sà wà, ẹni tó ń ta irú náà wà. Láàárín gbogbo wọn ni ọkùnrin kan ti ń ti inú ọkọ̀ kan bọ́ sínú èkejì, ó gbé ìgò oògùn dání, ó ń wí pé ẹni tó bá mu ún fún ọjọ́ méje, ikùn rẹ̀ yóò wọlé, omi ara rẹ̀ yóò gbẹ, jẹ̀díjẹ̀dí rẹ̀ yóò sì san pẹ̀lú.

Ìyá aláta kan jókòó sórí àpótí kékeré ní ìtòsí ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí a wí yìí. A kí i pé, "Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ẹ ó tà o." Ó dáhùn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Bí a ṣe ń ṣa ata ni a rí i pé okùn bàtà rẹ̀ ti rì sínú ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì hàn mọ́. Ó rí ibi tí ojú wa wà.

"Omi ni wọ́n ní ó wà lára mi, ọmọ mi," ni ó wí. "Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń gún ewé, tí mò ń mu omi rẹ̀ láràárọ̀. Bí mo bá sùn, ẹsẹ̀ yìí a lọ sílẹ̀ díẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, a tún wú."

"Ìyá, ǹjẹ́ ẹ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà?"

"Dókítà kẹ̀? Ta ni yóò bá mi jókòó ti ata? Ewé ni ìyá gbogbo oògùn. Yóò ṣiṣẹ́, bó pẹ́ bó yá."

A kò tíì kúrò níbẹ̀ tí ọmọ olóúnjẹ fi gbé oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ dé: ọkà gbígbóná, ewédú tí a fi kánún sè, ọbẹ̀ ata tí epo léfòó sórí rẹ̀, àti ẹ̀fọ́ tí kò kún ọwọ́ ọmọdé ní ẹ̀gbẹ́ àwo. Ìyá tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní kò dùn tó. Ó fa ike iyọ̀ kan yọ lábẹ́ àpótí rẹ̀, ó bù ú wọ́n ọn. Níbẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti yé wa. Ẹ̀fọ́ ń gbá omi jáde gba ẹ̀yìnkùlé, iyọ̀ sì dúró lójúde, ó ń pè é wọlé.

ÌWÚ KÌ Í ṢE ÌSANRA

Èdè wa ti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sọ́tọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwa ni a ń pa wọ́n pọ̀. Wíwú ni ẹsẹ̀ ń wú; sísan ni ara ọmọ tó ń jẹun dáadáa ń san. Ìsanra ni ọ̀rá tí ara kó pamọ́ nígbà tí oúnjẹ tí a jẹ ju iṣẹ́ tí a ṣe lọ. Kì í dé lọ́jọ́ kan, kì í sì í lọ lọ́jọ́ kan. Ìwú ni omi tó sun kúrò nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, tó wá lúgọ sáàárín ẹran ara. Èyí lè pọ̀ sí i láti àárọ̀ di alẹ́, ó sì lè dínkù kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dá a mọ̀, kí ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá, kí ó sì ká ọwọ́ kúrò. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn bí ìgbà tí a fi ìka tẹ ọkà, tí kò sì tètè kún padà, omi ni.

Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ni àwọn olóògùn inú ọkọ̀ fi ń rí wa mú. Ara ènìyàn a máa kó díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan nínú ọkà, iyán àti ẹ̀bà tí a ń jẹ, gíráàmù kọ̀ọ̀kan nínú ohun tí ó kó pamọ́ yìí a sì máa di omi tó tó nǹkan bí gíráàmù 3 mú. Nítorí náà, ẹni tó bá dín òkèlè kù lọ́sẹ̀ yìí, omi yìí ni yóò kọ́kọ́ jáde. Òṣùwọ̀n yóò sọ pé ó ti fúyẹ́, inú rẹ̀ yóò dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà níbi tí ó wà. Lọ́jọ́ tí ó bá padà sídìí ọkà, omi náà yóò padà sí àyè rẹ̀. Bákan náà ni oògùn tí ń mú ènìyàn tọ̀ léraléra: omi ló ń lé, kì í yọ́ ọ̀rá. Ẹni tí dókítà kò sọ fún pé kí ó lò ó lè fi lílò rẹ̀ ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

OHUN TÍ Ń DÁ OMI DÚRÓ

Ohun tí ń wú ẹsẹ̀ kò lóǹkà, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹni tó bá ti fi iyọ̀ fọ ìgbín rí mọ̀ pé omi ni iyọ̀ ń fà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni nínú ara: bí a bá jẹ iyọ̀ jù, ara a di omi mú kí iyọ̀ náà má baà ki jù nínú ẹ̀jẹ̀, títí kíndìnrín yóò fi ráyè tọ̀ ọ́ dànù.

Ìkejì ni ìjókòó pípẹ́, èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ ní gáréèjì. Awakọ̀ jókòó sídìí ọkọ̀, aláta jókòó sórí àpótí, ẹsẹ̀ wọn a rọ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, omi a sì ṣàn lọ síbi tí ó rẹlẹ̀ jù. Èyí kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ewu lè fara pamọ́ sí i lára. Lọ́dún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé jábọ̀ pé ẹni tó bá jókòó sójú kan nínú ọkọ̀ tàbí bàálù fún wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu pé kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan rẹ̀ a di ìlọ́po méjì. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú lẹ́yìn ìrìn-àjò, tí ó ń dunni, tí ó sì gbóná, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ wá ewé. Ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ.

Ìkẹta yóò ya àwọn kan lẹ́nu: ebi pàápàá a máa wú ènìyàn. Ní ilẹ̀ Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, dókítà obìnrin kan tí ń jẹ́ Cicely Williams kọ ìwé jáde lọ́dún 1933 nípa àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ àti ojú wọn wú. Lọ́dún 1935 ó fi orúkọ tí àwọn Gã ń pè é kọ ọ́ sílẹ̀: kwashiorkor, àìsàn tí ń ṣe ọmọ nígbà tí a bá bí àbúrò lé e. Ẹni tó bá wo àwọn ọmọ náà lóréfèé lè rò pé wọ́n sanra. Bẹ́ẹ̀ ebi oúnjẹ aṣaralóore ló ń pa wọ́n, omi ló sì dúró sí àyè ẹran ara tí wọn kò ní. Ìdí rèé tí kò fi yẹ kí ẹni tó fẹ́ rù máa fi omi ewé nìkan rọ́pò ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti wàrà.

Ìkẹrin ni àìsàn: àárẹ̀ ọkàn, àárẹ̀ kíndìnrín, àárẹ̀ ẹ̀dọ̀. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà pàápàá tí wọ́n máa ń wú ọrùn ẹsẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá lè wú ní gáréèjì kan, kí ó jẹ́ pé ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wú wọn.

IṢẸ́ TÍ Ẹ̀FỌ́ Ń ṢE

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a fẹ́ ba ọjà àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ jẹ́. Ẹ̀fọ́ ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Ohun tí kò yẹ ni kí a gbé iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ lé e lórí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé ó ń kún ikùn láìkún ara. Nínú 100 gíráàmù tẹ̀tẹ̀ tútù, ohun tó ju 90 lọ jẹ́ omi, kálórì inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 23 lọ. Ìwọ̀n kan náà nínú iṣu sísè ní nǹkan bí 116. Nítorí náà, bí ẹ̀fọ́ bá gba àyè nínú àwo, tí òkèlè sì dínkù, ènìyàn yóò yó, oúnjẹ tí yóò di ọ̀rá yóò sì kéré. Lọ́dún 2004, àwọn olùwádìí ní Pennsylvania State University ní Amẹ́ríkà fún àwọn obìnrin 42 ní ẹ̀fọ́ tútù jẹ kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán wọn. Nígbà tí ẹ̀fọ́ náà tó 300 gíráàmù, tí kò sì lọ́ràá, àpapọ̀ kálórì tí wọ́n jẹ fi 12 nínú 100 dínkù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n fi ebi pa ara wọn.

Iṣẹ́ kejì kan omi ara gan-an. Èròjà kan wà nínú ewé tí a ń pè ní potásíọ̀mù. Bí iyọ̀ ṣe ń dá omi dúró, bẹ́ẹ̀ ni potásíọ̀mù ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti ti iyọ̀ jáde sínú ìtọ̀. Bí iyọ̀ bá sì jáde, omi a tẹ̀ lé e. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà rí ó kéré tán mìlígíráàmù 3,510 jẹ lójúmọ́. 100 gíráàmù tẹ̀tẹ̀ tútù ní nǹkan bí 600 nínú rẹ̀, ewédú sì sún mọ́ ọn. Àjọ náà tún ní kí á máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tó tó 400 gíráàmù lójúmọ́, wọn kò sì ka iṣu, ẹ̀gẹ́ tàbí ọ̀dùnkún mọ́ ọn.

Iṣẹ́ kẹta ni pé okùn inú ẹ̀fọ́, tí ikùn kì í dà, ń mú ìgbẹ́ rọrùn, kì í sì í jẹ́ kí ebi tètè padà. Àwọn àgbà mọ èyí kí ìwé tó dé. Kì í ṣe àsọdùn ni wọ́n fi pe ẹ̀fọ́ kan ní amúnútutù.

Síbẹ̀, òótọ́ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Kò sí ẹ̀fọ́ kan ní Gáréèjì Ọ̀fà, ìbáà ṣe ṣọkọ, ìbáà ṣe kùkúḿbà tí àwọn ọmọ ń kiri fún èrò ọkọ̀, tí ó lè fa omi ara jáde bí oògùn tí dókítà ń kọ fún alárùn ọkàn. Oúnjẹ ni ẹ̀fọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, àfi bí a bá sì gbà á láyè.

KÁNÚN INÚ EWÉDÚ

Ta ni kò gbà á láyè? Àwa tí a ń sè é ni. Kánún tí a ń fi sínú ewédú àti ilá kí ó lè yọ̀, tí a ń fi sínú ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀, ìbátan iyọ̀ ni. Sodíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀ gan-an tí ń dá omi dúró, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun kò jẹ iyọ̀, tí ó sì ń fi kánún sè gbogbo ọbẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn ó sì ṣí fèrèsé sílẹ̀. Màgí náà kò yàtọ̀: iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, adùn rẹ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kánún ti di ìtàn ní ilẹ̀ Hausa, tí kò jìnnà sí wa ní Kwara. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn dókítà ní Zaria rí ọ̀pọ̀ ìyálọ́mọ tí ara wọn wú, tí ọkàn wọn sì ń rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Àṣà ibẹ̀ ni pé kí ìyá ọmọ tuntun máa mu ẹ̀kọ oníkánún fún 40 ọjọ́, kí ó máa fi omi gbígbóná wẹ̀, kí ó sì máa dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn amọ̀ tí a dáná sí lábẹ́. Àwọn dókítà náà rí i pé kánún náà ń kó ẹrù sodíọ̀mù lé ọkàn lórí, ooru náà sì ń kó iṣẹ́ kún un. Àwọn olùwádìí tó dé lẹ́yìn wọn kò gbà pé kánún nìkan ló jẹ̀bi, nítorí obìnrin tí kò mu kánún náà ń ṣe àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jiyàn pé sodíọ̀mù púpọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọkàn tó ti rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mẹ́nu ba epo náà. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa ní nǹkan bí kálórì 120, ìyẹn ju ti 500 gíráàmù tẹ̀tẹ̀ lọ. Ẹ̀fọ́ rírò tí ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú epo dùn, a kò sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ẹni tó fẹ́ rù ń wá.

Ọ̀rọ̀ bíbọ ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá bọ tẹ̀tẹ̀ tàbí gbúre, tí a sì fún omi rẹ̀ dànù, a ti da ọ̀pọ̀ potásíọ̀mù nù pẹ̀lú omi náà. Ní ìdà kejì, bíbọ̀ a máa dín èròjà kan tí ń pè fún òkúta inú kíndìnrín kù, èyí tó wà nínú àwọn ẹ̀fọ́ méjèèjì. Nítorí náà, gígún wọn ní tútù kí a máa mu omi wọn láràárọ̀ kì í ṣe ọgbọ́n. Kí á ṣan ẹ̀fọ́ kí á tó rẹ́ ẹ, kí á bọ̀ ọ́ ní ìwọ̀nba, kí á má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná.

Ẹ̀RÍ LÁTI IGBÓ-ỌRÀ

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ kí á lọ sí Igbó-Ọrà, ìlú àwọn ìbejì. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Loyola University ní Chicago wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀, wọ́n sì fi wé ti àwọn adúláwọ̀ ní Maywood, nítòsí Chicago, tí wọ́n jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nínú àbọ̀ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1997, nǹkan bí 33 nínú 100 àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kò ju nǹkan bí ìdajì èyí lọ. Bí ara àwọn ènìyàn ṣe ń wúwo sí i, tí iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ sì ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn náà ń gbilẹ̀. Lọ́dún 2005, ìwádìí mìíràn ní Nàìjíríà àti Jàmáíkà fi hàn pé bí a bá dín iyọ̀ àwọn ènìyàn kù fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn a fi nǹkan bí ojú-ìwọ̀n 5 lọ sílẹ̀.

Èyí tó kù ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lọ́dún 1997 kan náà ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn àgbàlagbà kan, nínú 459 tí wọ́n ṣèwádìí lé lórí, ní oúnjẹ tó kún fún ẹ̀fọ́, èso àti wàrà tí a yọ ọ̀rá rẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n dín iyọ̀ wọn kù. Lọ́dún 2001, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì wá dín iyọ̀ kù pẹ̀lú. Ìfúnpá náà sì lọ sílẹ̀ ju ti ẹ̀fọ́ nìkan tàbí ti iyọ̀ nìkan lọ. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí: ẹ̀fọ́ ni ọwọ́ ọ̀tún, àìjẹ iyọ̀ jù ni ọwọ́ òsì.

ẸNI TÍ Ó GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ohun tó ṣe ara kan lóore lè ṣe òmíràn níbi. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀ gidigidi kì í lè tọ potásíọ̀mù dànù bó ṣe yẹ. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró lójijì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ mu omi ewé rárá láìbi dókítà rẹ̀ léèrè. Ẹni tó ń lo oògùn warfarin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọdọ̀ dédé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀fọ́ ewé lájẹjù, nítorí èròjà inú ewé a máa bá oògùn náà jà.

Aboyún ńkọ́? Ẹsẹ̀ aboyún a máa wú díẹ̀, èyí kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n bí ojú àti ọwọ́ bá wú lójijì, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, kí wọ́n má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. Bákan náà ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tí kò lè mí dáadáa bí ó bá dùbúlẹ̀, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí ọṣẹ. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́.

ÀWO OÚNJẸ WA

Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò dárúkọ ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò jẹ ẹ́. Ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní ìjókòó nínú ìdíje. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń já a, oko ni wọ́n ti ń rin bọ̀, òógùn sì ń gbé iyọ̀ wọn lọ. Àwa ra tiwa ní gáréèjì, a wọ ọkọ̀ lọ sílé, a sì fi ẹ̀fọ́ ṣe ọ̀ṣọ́ etí àwo.

Ohun tí a lè ṣe kò le. Kí ẹ̀fọ́ tàbí ewédú gba ìdajì àwo, kí òkèlè gba ìdá mẹ́rin, kí ẹja, ẹ̀wà, ẹyin tàbí wàrà gba ìdá mẹ́rin tó kù. Kí á kọ́kọ́ jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀fọ́ kí á tó bu òkèlè àkọ́kọ́. Kí á jẹ́ kí irú, ata, àlùbọ́sà àti atalẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí màgí ń ṣe, kí irú náà jẹ́ èyí tí a kò da iyọ̀ bò. Kí á fi ìjábẹ̀ ja ewédú dípò kánún. Àpapọ̀ iyọ̀ tí àgbàlagbà yóò jẹ lójúmọ́, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí, kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn kò tó ṣíbí kékeré kan, ti màgí sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yóò tẹ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ahọ́n yóò kọ́ ọ. Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Kí awakọ̀ sì máa sọ̀ kalẹ̀ na ẹsẹ̀, kí aláta máa dìde rìn yí ọjà rẹ̀ ká, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé orí ìrọ̀rí bí wọ́n bá délé.

Lọ́jọ́ náà, a bẹ ìyá aláta pé kí ọmọ rẹ̀ obìnrin bá a jókòó ti ọjà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan péré. Kò dá wa lóhùn. Nígbà tí a tún kọjá níbẹ̀ lẹ́yìn bí oṣù kan, òun ló kọ́kọ́ pè wá. Ó ti lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wò ó lójú, ó tún un wọ̀n, nítorí ó ga ju bí ó ṣe rò lọ. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti ń ṣe làálàá láti ọjọ́ pípẹ́, kò kàn mọ̀ ni. Oògùn ni ó ń lò báyìí, ó sì ní ọjọ́ tí yóò padà lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì lọ sílẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ ti hàn, bàtà sì gbà á.

"Ewé ńkọ́, ìyá?" ni a bi í.

Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ìdì ṣọkọ méjì tó rà sílẹ̀. "Mò ń jẹ ẹ́, ọmọ mi. N kò mu ún mọ́ ni."

A bẹjú wo abẹ́ àpótí rẹ̀. Ike iyọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.